Làbẹ̀làbẹ̀ ìbílẹ̀ nínú ọgbà àkùrọ̀: irú èwo, báwo ni, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn

Ìsàlẹ̀-Ọgbà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Kòtò kan wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà tí omi òjò máa ń wọ́ lọ. Ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, àárín rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ilẹ̀ amọ̀ ni. Tí òjò ńlá bá rọ̀, omi á dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 6 kó tó fà tán. Tí ọ̀dá bá dé, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbẹ títí á fi sán. Mo fẹ́ gbin làbẹ̀làbẹ̀ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ síbẹ̀ kí àkèré, lámilámi àti ẹyẹ lè rí ibi forí pamọ́ sí. Irú èwo ni kí n gbìn? Ṣé kí n fi hóró gbìn ín ni àbí kí n pín ìdí rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di ilé ẹ̀fọn?

Onígun-Mẹ́ta

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ kọ́kọ́ mọ làbẹ̀làbẹ̀ yàtọ̀ sí koríko, torí wọ́n máa ń fi ọ̀kan pe èkejì níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí ọ̀pá rẹ̀. Tí igun mẹ́ta bá ń kọ́ yín lọ́wọ́, tí inú ọ̀pá náà kún, tí ewé rẹ̀ sì to ara wọn ní ìlà mẹ́ta yí ọ̀pá ká, ẹbí Cyperaceae ni. Ọ̀pá koríko rí roboto, ó ní oríkèé bí ọparun, inú rẹ̀ sábà máa ń ṣófo, ìlà méjì sì ni ewé rẹ̀ ń tò sí. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń tan èèyàn: ọ̀pọ̀ Eleocharis àti Schoenoplectus lacustris, ọ̀pá tiwọn rí roboto bákan náà, àmọ́ ẹ ò ní rí oríkèé lára rẹ̀.

Ẹbí yìí tó irú 5,500, Carex nìkan sì tó 2,000 nínú wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Èyí tó jẹ́ ìbílẹ̀ fún ẹnì kan, àlejò ni lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Fún irú kòtò tó ń kún tó sì ń gbẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀, àwọn tó máa ń fara dà á nìyí: ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, Carex vulpinoidea àti Carex stricta, ní Yúróòpù, Carex otrubae lórí ìdagẹ̀rẹ̀, Carex acutiformis nísàlẹ̀, ní Ọsirélíà, Carex appressa, ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Fuirena umbellata àti Rhynchospora corymbosa létí, Cyperus articulatus nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀rinrin ti ń pẹ́ jù.

Cyperus involucratus àti Cyperus papyrus lẹ máa rí níbi púpọ̀ torí pé wọ́n rẹwà. Ọmọ Áfíríkà làwọn méjèèjì. Níbòmíràn, wọ́n máa ń jáde kúrò nínú ọgbà. Ní Florida, papyrus ti wọ inú àbàtà lọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀mí àìfẹ́ àlejò lásán, kó wo labalábá. Ọmọ Tisiphone abeona ní Ọsirélíà, irú làbẹ̀làbẹ̀ tó ń jẹ́ Gahnia ló ń jẹ. Poanes massasoit ní Amẹ́ríkà, Carex stricta ni tirẹ̀. Ẹ gbin àlejò tó rẹwà jù lọ síbẹ̀, ebi ni á pa wọ́n.

Lámilámi

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan ọjọ́ 5 sí 6 yẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Légbénlègbé, ọmọ àkèré, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 nínú omi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ tán. Ọmọ lámilámi ń lo oṣù mélòó kan, àwọn irú mìíràn á tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kódà Pantala flavescens, tó wà lára àwọn tó yára jù, á lo bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 9. Omi tó ń gbẹ lọ́jọ́ kẹfà á kàn máa pe àkèré wá yé ẹyin tí oòrùn á pa ni. Ìyẹn kì í ṣe ibùgbé, tàkúté ni.

Ẹ yàn nínú méjì. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ ibi ìsádi, ibi ọdẹ àti ibi tí ẹyẹ ti ń ṣa hóró jẹ. Ó dára gan-an bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí ọmọ àkèré. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bímọ níbẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kòtò náà tí omi inú rẹ̀ ò ní gbẹ láéláé: mítà 1.5 ní gígùn, mítà 1 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 ní jíjìn láti ìsàlẹ̀ kòtò. Kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹran kékeré tó bá já sí i lè rí ọ̀nà gùn jáde.

Ìsàlẹ̀-Ọgbà

Ihò tí omi rẹ̀ kì í gbẹ kẹ̀? Ẹ̀fọn tí mo ń sá fún ńkọ́?

Omi-Kì-Í-Sùn

Èmi ò bá Lámilámi lọ níbẹ̀ yẹn. Ní àkókò ooru, ẹ̀fọn á ti ẹyin dé ìyẹ́ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Omi tó ń fà tán lọ́jọ́ kẹfà ti gbẹ mọ́ tanwíjí lára kó tó hu ìyẹ́. Kàkà kí ẹ gbẹ́ ihò, ẹ jẹ́ kí kòtò náà tètè máa fà: wákàtí 24 sí 48 ló dára jù. Ẹ gé ojú ọ̀nà kékeré kan sí etí rẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ kó òkúta sí i kí omi má baà jẹ ilẹ̀ lọ. Gbòǹgbò làbẹ̀làbẹ̀ fúnra rẹ̀ á la amọ̀ náà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, omi á sì túbọ̀ yára wọlẹ̀.

Lámilámi

Ìṣirò yẹn dùn létí, àmọ́ ẹ gbàgbé ohun méjì. Ìkíní, òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni: tó bá rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó tún rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, kòtò ò ní gbẹ fún ọjọ́ 10. Ìkejì, àwọn ẹ̀fọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Aedes, tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà á gbẹ, á dúró pẹ́, ọjọ́ tí omi bá kàn án ló máa pa. Omi tó ń wá tó ń lọ gan-an ni irú wọn fẹ́ràn, torí pé ọ̀tá wọn kì í lè gbé níbẹ̀.

Nínú omi tó ń dúró, ọmọ lámilámi, kòkòrò omi dúdú àti àwọn kòkòrò tó ń sáré lójú omi ni á máa jẹ tanwíjí. Á tó oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ju oògùn Bti sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Bakitéríà ni, ikùn tanwíjí àti àwọn ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló ń bà jẹ́, kì í pa àkèré.

Ẹ̀kún-Odò

Ẹ kàn fi ẹja kéékèèké mélòó kan sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Lámilámi

Rárá o! Ẹja tó ń jẹ tanwíjí náà ló ń jẹ légbénlègbé, òun náà ló ń jẹ ọmọ lámilámi. Gambusia tí wọ́n ń pè ní ẹja apẹ̀fọn burú jù nínú wọn, ó ti ba odò jẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé e lọ. Omi kékeré tó ní ẹja, ẹja nìkan ló máa kù síbẹ̀.

Omi-Kì-Í-Sùn

Ó dáa, mo gbà pé ọ̀rọ̀ Aedes yẹn tẹ̀wọ̀n. Tí ẹ bá máa gbẹ́ ihò náà, ẹ má fi amọ̀ lásán gbá inú rẹ̀, torí ẹni tó béèrè ti sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń sán. Ọ̀rá rọ́bà oní-mìlímítà 0.75 sí 1 ni kí ẹ tẹ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀rá ni pé ẹ mú gígùn ihò, ẹ fi jíjìn rẹ̀ lọ́nà méjì kún un, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un fún etí kọ̀ọ̀kan. Fún ihò yìí, 1.5 + 1.2 + 0.6 jẹ́ mítà 3.3, ti fífẹ̀, 1 + 1.2 + 0.6 jẹ́ mítà 2.8. Ẹ ṣa òkúta mímú kúrò, ẹ tẹ́ iyanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ da ilẹ̀ abẹ́, èyí tí kò lọ́ràá, sẹ̀ǹtímítà 10 sórí rẹ̀. Ilẹ̀ yìí ń dáàbò bo ọ̀rá, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ní ilẹ̀ amọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti ọ̀rá tó fúyẹ́ sókè bíi rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí.

Kí etí ọ̀rá wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ kòtò, kó má ga jù ú. Tí kòtò bá ń fà, ihò á kún síbẹ̀.

Ìsàlẹ̀-Ọgbà

Ó yé mi. Mo máa gbẹ́ ẹ. Ó kù ọ̀rọ̀ hóró àti pípín ìdí.

Hóró-Wínníwínní

Àwọn tó ń sọ pé hóró làbẹ̀làbẹ̀ kì í hù, púpọ̀ nínú wọn ló bò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ẹ wọ́n ọn sójú ilẹ̀, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kó tán síbẹ̀.

Àkókò tí wọ́n ń ká a ni ìgbà tí àpò kékeré tó bo hóró bá ti kúrò ní àwọ̀ ewé tó di àwọ̀ ilẹ̀, tí ẹ bá fi ìka fà á tó sì bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá ṣì di ọ̀pá mú, kò tíì gbó. Tẹ́ ẹ bá sì pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ á ti ká a fún yín.

Ti ilẹ̀ òtútù: Carex púpọ̀ fẹ́ kí òtútù kọ́kọ́ kọjá lára òun. Ẹ po hóró ìwọ̀n kan mọ́ iyanrìn tútù ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí fíríìjì níbi tó tutù tó 1 sí 5 °C fún ọjọ́ 30 sí 60. Iyanrìn náà kàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi kán, ó ti pọ̀ jù, hóró á jẹrà. Carex stricta ní ìwà tirẹ̀: tó bá gbẹ tó sì pẹ́ nílé, agbára rẹ̀ á tètè lọ. Ẹ gbìn ín ní tútù tàbí kí ẹ fi í pamọ́ sínú ọ̀rinrin àti òtútù. Ti ilẹ̀ olóoru bíi Cyperus kò nílò fíríìjì rárá, ìmọ́lẹ̀, ooru àti omi ti tó o.

Ẹ gbé àwo ìhùrúgbìn sínú omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí omi máa gun òkè láti ìsàlẹ̀. Ẹ má bu omi lé e lórí, torí á gbá gbogbo hóró jọ sí igun kan. Ọ̀sán tó gbóná tó 25 sí 30 °C pẹ̀lú òru tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń jí wọn jù. Ẹ máa wo ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Tí ewé bá pé mẹ́ta, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, wọ́n ti ṣe é kó lọ síta.

Ọmọ-Àbàtà

Gbogbo iṣẹ́ yẹn fún kòtò mítà 4? Ẹ pín ìdí. Bí kòtò náà bá rí bí ẹyin, ó jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 9.4. Tí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín, 11 ni á wọ mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn bí 100 lápapọ̀. Tí ẹ bá fi 45 sáàárín, 5 ni, ìyẹn bí 47. Irú tó ń pọ̀ ní ìdì lẹ gbin ní 30. Irú tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, bíi Carex acutiformis tàbí Cyperus articulatus, 45 ti pọ̀ fún un, ọdún méjì á fi kún ibẹ̀. Ìdì kan tó gbó, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, lè fún yín ní 15 sí 20.

Ẹ hú u nígbà tí ewé tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ tàbí tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ fi ọ̀bẹ oníyín là á, ọmọ ewé 3 sí 5 pẹ̀lú gbòǹgbò lára ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ṣoṣo sábà máa ń kú. Ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 15, torí gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kò lè fa omi bọ́ ewé gígùn. Ẹ fi àpò tútù wé e, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọrùn rẹ̀, ibi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé, kí ó wà ní ojú ilẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Hóró-Wínníwínní

Mi ò jiyàn pé ó yá jù. Ṣùgbọ́n ìdì kan tí ẹ là sí 20, ẹyọ kan náà ni gbogbo wọn. Àrùn tó bá pa ọ̀kan, á pa ogún. Ẹ mú ìdì láti ara ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ sì fi àwọn tó hù láti hóró dí àlàfo. Ẹ má sì lọ hú u nínú àbàtà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ẹ ò lè ba ilé àwọn ẹranko jẹ́ kí ẹ lè kọ́ ilé fún wọn.

Ọmọ-Àbàtà

Ìyẹn tọ́. Mo fara mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó béèrè di mú ṣinṣin ni ti omi ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọgbà àkùrọ̀ ti ń kú. Nínú ẹrẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ fún gbòǹgbò. Ewé ló ń fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú ara rẹ̀ rán afẹ́fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Làbẹ̀làbẹ̀ tó ga tó mítà 1 lè dúró sínú omi sẹ̀ǹtímítà 15 láìmira, torí orí rẹ̀ ń mí. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ku 15, tí òjò wá bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, bí ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ gbìn ín kí òjò ńlá tó dé, kó ti ráyè mú ilẹ̀. Tí ẹ kò bá lè dúró, ẹ ya ojú ọ̀nà omi náà sílẹ̀ ní rírẹlẹ̀, kí omi inú kòtò má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bí wọ́n ṣe ń ga, ẹ fi òkúta gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta gíga wọn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbìn kẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn tó ga jù.

Àwọn tó wá láti inú ike kékeré máa ń léfòó tí omi bá dé, torí ilẹ̀ ìhùrúgbìn fúyẹ́. Wáyà tí ẹ tẹ̀ bí ìkọ́, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20, lẹ fi kàn án mọ́lẹ̀. Tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń wá síbẹ̀, wọ́n á fà á tu kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi àwọ̀n wáyà yí i ká fún oṣù mélòó kan.

Ìsàlẹ̀-Ọgbà

Ṣé kí n da ajílẹ̀ sí i kó tètè mú? Tí ewé bá sì ń pọ́n lẹ́yìn náà, kí ni ó fà á?

Onígun-Mẹ́ta

Ẹ má da nǹkan kan sí i. Ajílẹ̀ nínú omi, ewé wínníwínní tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà Typha, ewéko àbàtà gíga kan. Orí Typha kan ń gbé hóró tó lé ní 100,000, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri, ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tutù ló ń wá. Bí ẹ bá rí i tí kò tíì ga dé orúnkún, ẹ fà á tu pẹ̀lú gbòǹgbò. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ṣọ́bìrì ló kù. Ìbátan làbẹ̀làbẹ̀ náà ni Cyperus rotundus, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wọlé: iṣu kéékèèké rẹ̀ so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ọkọ́ bá gé e, iṣu kọ̀ọ̀kan á hu tirẹ̀.

Ti ewé tó ń pọ́n, ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ láti ìdí, tí ẹ fà á tó rọrùn láti tu, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ló bò ó pẹ́ jù tàbí ẹ rì í jù. Ẹ gbé e sókè. Tó bá jẹ́ ṣónṣó ewé ló gbẹ tó ń fọ́ lọ́wọ́, ọ̀dá ni. Tí gbogbo ewé bá ṣì dì í mú, tó kàn funfun díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀, gbòǹgbò tuntun ló ń hù.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Etí ewé Scleria àti Gahnia ń gé ọwọ́ bí abẹ, ẹ má gbìn wọ́n sí etí ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà.

Lámilámi

Ẹ má tẹ́ ilẹ̀ inú kòtò náà rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ ilé. Ẹ kó òkìtì kéékèèké jọ síbẹ̀, gíga sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ẹ gbin ìdì sórí àwọn kan. Aláǹtakùn àti ọmọ àkèré ń wá orí òkìtì nígbà tí omi bá kún, wọ́n á sì wọ àárín wọn nígbà tó bá gbẹ. Carex stricta ń fúnra rẹ̀ kọ́ òkìtì bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà á. Létí ihò olómi, ẹ gbin ìdì bíi mẹ́rin tí ọ̀pá wọn dìde gangan láti inú omi: ara irú ọ̀pá yẹn ni ọmọ lámilámi ń gùn jáde kó tó bọ́ awọ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan ihò náà sílẹ̀ láìgbin nǹkan, kí oòrùn lè kan omi.

Ìsàlẹ̀-Ọgbà

Gígé ńkọ́? Ìgbà wo ni, báwo ló sì ṣe yẹ kó kúrú tó?

Omi-Kì-Í-Sùn

Ọdún àkọ́kọ́, ẹ má gé ohunkóhun. Láti ọdún kejì, ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dọọdún, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdá méjì tó kù máa jẹ́ ilé fún ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, ẹ gé e ní òpin ìgbà òtútù kí ewé tuntun tó yọ. Ní ilẹ̀ olóoru, ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Tí ẹyẹ bá ti ń kọ́ ìtẹ́, ó ti pẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ku sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀. Àwọn tí ewé wọn kì í kú nígbà òtútù, ẹ má gé wọn, ẹ kàn fi ọwọ́ ya èyí tó gbẹ.

Ewé tí ẹ gé, ẹ kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí kòkòrò inú rẹ̀ lè padà, kí ẹ tó kó o kúrò. Tó bá jẹrà sínú omi, ajílẹ̀ tí a ní kí ẹ má dà sí i náà ni. Tí omi bá ṣì wà nínú kòtò lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gé e, ẹ wọn omi ná. Ẹ má gé ọ̀pá kankan sísàlẹ̀ ojú omi, torí omi á gba ojú gígé náà wọ ihò tí gbòǹgbò fi ń mí, ìdì náà á sì jẹrà láti ìsàlẹ̀.